Họ́ọ̀sì tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì

Èmi àti àbúrò mi ń to ẹ́ńjìnì Rotax 912 sára ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń fọwọ́ ara wa kàn ní àgbàlá wa ní Ìkẹjà. Própẹ́là àti ìyẹ́ ni àwọn tí ó ń yà wò wá máa ń béèrè. Èmi ní tèmi, họ́ọ̀sì rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà láti táńkì dé radietọ̀, àti láti ibẹ̀ dé pọ́ǹpù, ni mo fi ọkàn sí jù lọ.

Ẹ́ńjìnì Lycoming, irú èyí tí ó wà nínú Air Beetle, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ti Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà, ikùn ara rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọ́ìlì sí, nítorí náà pọ́ǹpù rẹ̀ kò gbára lé họ́ọ̀sì ìta kí ó tó rí ọ́ìlì fà. Ti Rotax yàtọ̀. Táńkì rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀. Pọ́ǹpù ni ó ń fa ọ́ìlì kúrò nínú rẹ̀, tí ó ń tì í gba inú fílítà wọ ara ẹ́ńjìnì, bí ọ́ìlì bá sì ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, èéfín tí ó ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì ni ó ń tì í padà sí táńkì.

Ní ọjà Ládìpọ̀, ọkùnrin kan tí ó mọ ọjà rẹ̀ dáadáa gbé họ́ọ̀sì típà síwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ò lè bẹ́ láéláé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bíbẹ́ kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Fífà ni pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì yìí. Bí rọ́bà bá rọ̀ nínú ooru, ó lè lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọdé fa omi inú rẹ̀ tán. Họ́ọ̀sì tí a hun wáyà sí lára pàápàá, awọ inú rẹ̀ lè ya kúrò lára wáyà kí ó dí ọ̀nà, kí ẹni tí ó ń wò ó láti òde má sì rí nǹkan kan. Nítorí náà, èyí tí a ṣe fún fífà ni mo wá, tí ihò inú rẹ̀ kò kéré sí mílímítà 11. Lẹ́yìn ọdún 5 ni a ó pààrọ̀ rẹ̀, bí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnì náà ní Austria ti là á sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí tuntun lójú.

Orí họ́ọ̀sì ṣe pàtàkì bí ara rẹ̀. Ní ìhà tí pọ́ǹpù ti ń ti ọ́ìlì, bí kílíìpù bá dẹ̀, ọ́ìlì yóò kán sílẹ̀, a ó sì rí i. Ní ìhà fífà, afẹ́fẹ́ ni ó ń wọlé: ilẹ̀ gbẹ, ẹ́ńjìnì mọ́ tónítóní, béárìn kò sì rí ọ́ìlì tí ó tó. Ọ̀bẹ mímú ni mo fi gé họ́ọ̀sì kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba, mo nu gbogbo èérún rọ́bà kúrò nínú rẹ̀, mo sì rí i dájú pé kílíìpù kọjá ibi tí ẹnu irin tí a ki bọ inú họ́ọ̀sì ti wú. A gbé họ́ọ̀sì náà jìnnà sí sàléǹsà, a kò sì fà á le, nítorí ẹ́ńjìnì máa ń mì gidigidi nígbà tí a bá ń tàn án àti nígbà tí a bá ń pa á.

Àwọn kan ń tan ẹ́ńjìnì tuntun kí wọ́n tó máa retí kí géèjì ọ́ìlì gbéra. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. A pa iná púlọ́ọ̀gì, a tú àwọn púlọ́ọ̀gì òkè, a fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ọ́ìlì láti inú táńkì, àbúrò mi sì ń fọwọ́ yí própẹ́là sí ìhà tí ẹ́ńjìnì ń yí sí, títí géèjì fi fi hàn pé ọ́ìlì ti dé. Bí a bá tún tú họ́ọ̀sì yìí fún ìdí kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó tún ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sítáátà.