Bí dáyárì ṣe kó èrò Ọ̀yọ́ bá mi lọ́jọ́ Kérésì

Fóònù ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Kérésì 2021, gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ rà, inú fóònù ni mo kọ ọ́ sí, wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dé Bódìjà, fóònù kú. Mo dúró láàárín ọjà, mò ń wo ojú aláta, aláta ń wo ojú mi. Ìgbà tí mo máa délé, iyọ̀ oríṣi mẹ́ta ni mo rà, mi ò ra ẹyọ tòmátò kan.

Ìyẹn ni mo ṣe pinnu pé 2022, bírò àti ìwé ni, kò sí ọ̀rọ̀ báńtìrì níbẹ̀. Mo sì rántí pé dáyárì kan wà nínú wọ́díróòbù, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n máa ń há fún èèyàn lópin ọdún, èèpo ẹ̀ pupa, ó le, ó ń dán, inú ọ̀rá ló ṣì wà, kò tíì fojú kan bírò rí. Kí àwọn ìbejì mi má bàa ya mọ́tò sí i lẹ́yìn, mo fa ojú kan ya lára kàlẹ́ńdà ògiri wa, èyí tí oṣù ẹ̀ ti kọjá, mo fi bò ó bí a ṣe ń bo ìwé ọmọ iléèwé, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ó bọ́ sí i pé apá tí wọ́n kọ 2022 gàdàgbà sí ló wà níwájú. Ó wù mí gan-an, àṣé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Nòfẹ́ńbà, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ àti déètì lókè. Déètì 18 Dìsẹ́ńbà, fáínàlì World Cup, Bàbá Ìbejì ló ní kí n kọ ìyẹn, ó lóun ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kankan ń gbéyàwó lọ́jọ́ náà (bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ò tiẹ̀ dé Qatar, Ghana ti dá wa dúró láti oṣù kẹta). 20, gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. 24, adìẹ mẹ́ta. 25, áísì. 26, èrò Ọ̀yọ́, ìyẹn àwọn àna mi, torí pé ọjọ́ Kérésì gan-an, ilé ìyá tó bí mi la máa lọ.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń pè wọ́n. Mo máa wo òkè ojú ìwé, mo máa ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Mo ní kí télọ̀ fi Mọ́ńdè sọ́kàn. Mo ní kí ẹni tó ń sin adìẹ gbé e wá ní Fúráìdé. Mo ní kí ẹni tó ń ta áísì wá ní Sátidé. Mo wá pe Màmá Ọ̀yọ́, ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ sídìí fóònù, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, mo ní Màmá, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ wá bá wa jẹun o, Sọ́ńdè ọdún. Wọ́n ní ṣé Sọ́ńdè? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, Sọ́ńdè. Wọ́n gbàdúrà fún mi, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa ń mọ ọjọ́ tí Kérésì máa bọ́ sí nínú oṣù Nòfẹ́ńbà?

Kẹ́ ẹ wá wo fáàrí. Mo ń gbé dáyárì yẹn káàkiri bí ẹni gbé Bíbélì. Ẹni tó bá bi mí ní nǹkan níbi iṣẹ́, mo máa ní "jẹ́ kí n wo ìwé mi ná", nǹkan tí mo mọ̀ lórí o, mo ṣáà fẹ́ ṣí ìwé ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀ ni Sátidé tí mo rán àbúrò mi ọkùnrin lọ sọ́jà. Mo kọ nǹkan sínú ojú ìwé ẹ̀yìn, mo ya á fún un, kánjúkánjú ni mo fi kọ ọ́, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ìrẹsì, òróró, tòmátò alágolo, gbogbo ẹ̀ pé. Mo ní ọwọ̀ ńkọ́? Ó ní ọwọ̀ wo? Mo ní mo kọ ọ́ síbẹ̀, "owo 2", ọwọ̀ méjì tá a máa fi gbálẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó ní, "Háà, Àǹtí mi, mo rò pé owó ni, ẹgbẹ̀rún méjì, owó iṣẹ́ mi. Mo ti ń gbàdúrà fún yín látàárọ̀ o." Mo ní kò burú, igbá márùn-ún ńkọ́, igbá oníke tá a máa fi bu oúnjẹ? Ó tú àpò kan sílẹ̀ níwájú mi, ìgbá ni, èyí tá à ń jẹ lẹ́nu, abọ́ márùn-ún kíkún, ìgbá funfun báláú ń yí kiri ilẹ̀ pálọ̀. Tíṣà tó kọ́ wa ní àmì ohùn ní prámárì máa ń sọ pé ẹ má gbọ́ tèmi o, ọjọ́ kan ń bọ̀. Ọjọ́ náà rèé.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn kan náà, mo rántí pé mo kọ fáínàlì sí Sátidé. Ẹ mọ bí ọ̀wọ́n epo ṣe rí ní Dìsẹ́ńbà yẹn, epo tó yẹ kó má tó igba náírà, a ń rà á ní igba àti àádọ́ta sókè, ìyẹn tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i rà. Àmọ́ mo ti fi kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ pamọ́ torí ọkọ mi. Mo da epo sínú jẹnẹrétọ̀, mo din dòdò, mo din ẹran, mo ní Bàbá Ìbejì, ẹ máa bọ̀ o, fáínàlì yín ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, Croatia àti Morocco nìyí. Ipò kẹta ni wọ́n ń dù. Ọ̀la ni fáínàlì." Mo ní Sátidé ló wà nínú ìwé. Ó ní ìwé ta ni? Mo kàn mirí ni, mo ní àwọn FIFA ti sún un síwájú nìyẹn, wọn ò wá sọ fún aráyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Epo ìyókù gbé e dé ibi tí Argentina ti ń fi 2-0 na France, jẹnẹrétọ̀ tú itọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Bàbá Ìbejì jáde síta, ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ti parí, Argentina ti gbé e. Ìgbà tí ariwo sọ nílé kejì la tó gbọ́ pé ó ti di 3-3, pẹnáríìtì ni wọ́n fẹ́ gbá. Ọkùnrin yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Mọ́ńdè, mo lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Áńkárá mi ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e fún un, kò tíì tú u. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣebí Mọ́ńdè lẹ ní." Mo ní òní ni Mọ́ńdè. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." A wo ara wa. Mo lọ sílé.

Fúráìdé, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹnì kan ń gbá géètì. Adìẹ ni, àkùkọ mẹ́ta, wọ́n fi okùn so wọ́n lẹ́sẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kejì ni mò ń retí wọn, torí nígbà yẹn, wọ́n ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Sọ́ńdè ni Kérésì, èmi náà ti mọ̀. Ọkùnrin náà ní ẹ̀yin lẹ ní Fúráìdé, mà. Mo ní bóyá ẹnu mi ló ṣì sọ, mo sanwó. Ibi tí mo máa kó wọn sí ò sí, mo kó wọn sí balùwẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò. Àkùkọ tó bá kọ nínú balùwẹ̀ onítáìsì, bíi pé ó fi maikirofóònù sẹ́nu ni, láti aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti ń pè wá sí ìsọjí. Nǹkan kan ṣoṣo tó dáa níbẹ̀ ni pé wọ́n bá wa jẹ ìgbá yẹn.

Sátidé, a pa ọ̀kan, ká lè rí nǹkan jẹ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún ká tó jáde, a ní kí méjì tó kù dúró de èrò Ọ̀yọ́ ní Mọ́ńdè. Ọ̀sán yẹn náà ni áísì dé. Búlọ́ọ̀kù ńlá méjì, ó ń sun omi, ọmọkùnrin tó gbé e wá ń gbọ̀n. Mo ní kí n fi áísì ṣe kí ni lónìí? Ó ní Mọ́mì, Sátidé lẹ sọ. Nígbà yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ṣé kì í ṣe ayé ló ń ṣe mí. Kò síná, kò sí epo, fìríìsà wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé áísì sínú dúrọ́ọ̀mù, mo fi àpò bò ó, mo gbàdúrà lé e lórí. Ìdájí Kérésì, Bàbá Ìbejì nìkan ló gbádùn áísì náà, ó lọ bu omi inú dúrọ́ọ̀mù nínú òkùnkùn láti fi wẹ̀. Igbe tó ké, àwọn àkùkọ dákẹ́.

Ó wá ku Sọ́ńdè gan-an.

A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ìbejì wọ aṣọ èṣín tó ti ń fún wọn lọ́rùn, a ti jẹ ìrẹsì ẹni márùn-ún, a ti jẹ adìẹ yẹn ku ọrùn. Aago méjì ku díẹ̀, mo de gèlè, Mícrà tá a háyà ti dúró níta, ilé ìyá mi yá. Ni bọ́ọ̀sì funfun kan bá yà wọ àdúgbò wa, ó ń fọn fèrè. Mo ní ta ló ń ṣọdún báyìí? Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà Bàbá, lẹ́yìn náà àwọn àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó wọn àti ọmọ wọn, mo kà wọ́n dé mọ́kànlá, mo dákẹ́.

Màmá na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ìyàwó wa! Ẹ kú ọdún o, ọdún á yabo!" Wọ́n wo gèlè mi dáadáa, inú wọn dùn, wọ́n yíjú sí àwọn tó kù, wọ́n ní, "Ẹ ò rí bó ṣe múra dè wá."

Mo kúnlẹ̀. Kí ni n bá tún ṣe? Mo ní ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà, mo wá fi ọwọ́ ẹ̀yìn júwe fún awakọ̀ Mícrà pé kó máa bá tiẹ̀ lọ. Bàbá Ìbejì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ojú ẹ̀ kún fún ìbéèrè. Mo pe ìyá mi láti inú ilé ìdáná pé a ò ní lè wá mọ́, wọ́n ní òun ti mọ̀, àwọn àna ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Àbúrò mi lé àkùkọ méjì yẹn yí ilé po, ọ̀kan gun fẹ́ǹsì aládùúgbò, a bẹ̀bẹ̀ ká tó rí i gbà. Mo wà nídìí ààrò tèmi ti gèlè lórí, mi ò ráyè tú u. Èlùbọ́ tí àlejò gbé wá la rò fún àlejò, Màmá fúnra wọn ló rò ó, wọ́n ń kọrin, wọ́n rò pé ètò ni, wọ́n ní ó dáa bí mo ṣe jẹ́ kí wọ́n bá mi lọ́wọ́ sí i.

Ibi tí oúnjẹ ti ń pẹ́ ni Bàbá Ọ̀yọ́ ti mú dáyárì mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n máa ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà pàápàá. Wọ́n wọ awò, wọ́n ṣí i, wọ́n pè mí.

"Kérésì ńkọ́, ọjọ́ wo ni?"

"Òní ni sà."

"Kí wá lòní?"

"Sọ́ńdè ni sà."

"Ìwé rẹ ní Sátidé."

Wọ́n fi èékánná ya sẹlotéèpù, wọ́n bó kàlẹ́ńdà kúrò lára ìwé náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó ẹyin. Lára èèpo pupa yẹn, wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ 2021 síbẹ̀. Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ìwé èṣín." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, bá wa pe FIFA, kó o bẹ̀ wọ́n."

Gbogbo wọn sùn sílé wa, torí awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ò rí epo tó máa gbé e padà. Orí ibi tí kálukú bá bá ara ẹ̀ ló sùn. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Mọ́ńdè, Bàbá ti wà lórí àga, wọ́n mú pẹ́ńsùlù àwọn ìbejì, wọ́n ń tún ọjọ́ tó wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kọ, wọ́n fa ìlà sí Sátidé, wọ́n kọ Sọ́ńdè. Mo ní Bàbá, ọdún ti fẹ́ẹ̀ parí sà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn parí ẹ̀.

Ẹnì kan kan géètì. Mo jáde. Télọ̀ ni, ó kó aṣọ wa lé apá, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, bọ́tìnì pé, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi ní, "Àǹtí, ṣebí Mọ́ńdè lẹ ní?"