Ọdún tí Màámi kọrin síbi tí abẹ́rẹ́ ti fò

Ọdọọdún ni mo máa ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín, ṣùgbọ́n 2025 kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ronú padà sẹ́yìn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń dí mi lójú: ọjọ́ 8 Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ mọ̀ pé Oṣù Kìíní ni Bàbá kú, mi ò ní tún un sọ. Màámi ṣe opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n parí rẹ̀ tí Iléyá fi dé. A rò pé wọn ò ní fẹ́ jáde. Àwọn fúnra wọn ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá fi mọ́tò gbé àwọn lọ sí Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń kí ọba wọn lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ ti rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun, ẹ ti rí aṣọ àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Àwọn ìyá àgbà kan ló ń kọjá lọ, wọ́n ń kọ wákà, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Màámi dìde lórí àga, ètè wọn ń mì. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí a ń padà síbi mọ́tò, ọkùnrin kan tẹ́ ẹrù àlòkù sílẹ̀: kẹ́tùlù, ìwé, àti àwo orin nínú báàgì sìmẹ́ńtì. Mo kúnlẹ̀. Ó ní àwọn tó ń kó àwo lọ tà fún òyìnbó ti ṣa Fẹlá àti jùjú lọ, àwọn tó kù nísàlẹ̀ lẹnikẹ́ni ò béèrè. Nínú páálí àwo akọrin ìjọ kan ni mo ti bá àwo Bàtílì Àlàkẹ́, akọrin wákà. Ẹnì kan ti fi báírò kọ orúkọ obìnrin àti 1974 sórí bébà àárín rẹ̀. ₦1,500 ni mo san.

Ó dùn mí gan-an. Gbogbo wa la mọ Hàrúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà. A mọ Sàláwà Àbẹ̀ní, tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi joyè ọbabìnrin wákà ní 1992, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Bàtílì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kọ́kọ́ gbé wákà sínú àwo, tó sì kú ní 2013, ta ló ń wá a? Nílé tiwa náà, àpàlà àti sákárà ló kún inú àpótí Bàbá. Wákà ò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi Màámi pé kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Mo fi omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ fọ àwo náà, mo ń tọ ìlà rẹ̀ yípo. Mo ká aṣọ kúrò lórí gíramafóònù Bàbá. Ìyá ilé kejì yá wa ní jẹnẹrétọ̀ wọn, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò dúró lójú kan, ohùn náà ń lọ sókè sódò. A dúró de iná ìjọba di aago 11 alẹ́.

Ohùn náà jáde, àwọn elégbè gbà á, ìlù wọlé. Abẹ́rẹ́ fò. Màámi ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọn ò gbórí sókè, wọ́n kàn kọ ibi tí abẹ́rẹ́ fò, wọ́n sì tún bá àwo náà pàdé níwájú. Ìgbà mẹ́ta ló fò, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dí i.

Mo béèrè ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní òun làwọn máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá lọ pàdé àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀. Wọ́n ní níbi ìpàdé alálàájì kan ni Bàbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àwọn. Ẹ̀gúsí kan wà ní ìka wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó bó o.

Abẹ́rẹ́ yẹn ti gbó. Mo ti ránṣẹ́ sí ọjà Alábà l'Ékòó ní ẹ̀ẹ̀mejì, irú rẹ̀ ṣòro rí.

Ọjọ́ 13 Oṣù Keje ni Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Màámi ní ọmọdé làwọn nígbà tí Kábíyèsí jọba. Màámi ní kí n gbé àwo náà sí i.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá ilé kejì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin ẹlẹ́rù yẹn tí kò da báàgì rẹ̀ nù. Mo ti fi fóònù gba ohùn Màámi sílẹ̀, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. Bí Ọlọ́run bá dá wa sí, mo fẹ́ gba púpọ̀ sí i kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé. A ò tíì gbọ́ ojú kejì àwo náà, mi ò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ gbígbó ha á. Màámi ní àwọn mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má pẹ́ jù lórí abẹ́rẹ́ náà.