Ìyá Onítòmátì àti Ọ̀kadà Oníná

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni èmi àti epo bẹntiróòlù ti ń wo ara wa níwòkuwò. Ọ̀kadà oníná ni mo ń gùn ní Àkúrẹ́ báyìí. Kò pariwo, kò rú èéfín, mi ò sì tò ní ilé epo mọ́. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé ó ń lọ́ra: tí mo bá yíwọ́ fún un níná, á kọ́kọ́ ronú ná.

Àbúrò ìyàwó mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Fóònù lọmọ yẹn fi ń ṣe gbogbo nǹkan, àfi ọbẹ̀ ni kò tíì fi sè. Ó fi Bluetooth so fóònù mọ́ kọntírólà, ìyẹn ọpọlọ tó ń darí iná ọ̀kadà, ó ń ti nọ́ńbà sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá ti yíwọ́ díẹ̀ báyìí, á ti gbéra. Bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀, á fà á dúró, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. 100 ni mo fi í sí."

A gùn ún yí àdúgbò ká, ó ń lọ geere.

Àṣé nítorí pé bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún láàárọ̀ yẹn ni. Bátìrì 72 fóòtì tó bá ti dé 84 ti yó dẹ́nu. Ibo ni iná tó ń padà bọ̀ fẹ́ wọ̀? Kọntírólà ò gbà á wọlé, ni bíréèkì inú ẹ́ńjìnì bá ń sùn. Ó ń retí kí ebi pa bátìrì.

Ebi pa á lọ́sàn-án, ní Ọjà Ọba, pẹ̀lú ìyá kan lẹ́yìn mi.

Ìyá yìí sanra dáadáa, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù tòmátì dání. Alágbàká ni wọ́n ń lọ. Mo yíwọ́ díẹ̀, ọ̀kadà ti fò jáde. Mo yára jọ̀wọ́ ẹ̀, gbàm! táyà ẹ̀yìn di mú. Gèlè bá mi lórí, àyà bá mi lẹ́yìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Wọn ò dáhùn. Ẹ sì mọ títì Ọba Adésìdá lọ́sàn-án: rìn, dúró, rìn, dúró. Nígbà tó yá, ìka kan gún mi léjìká.

"Ọlọ́kadà, mo mọ irú yín o! Èmi tí mo bí irú ẹ lo ń fi bíréèkì fà mọ́ra?"

(Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà nílẹ̀ yìí mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí. Àwọn kan nínú wa náà ló bà á jẹ́.)

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tẹ bíréèkì. Ọ̀kadà ló ń ṣájì ara ẹ̀."

"Èmi ló wá fi ń ṣájì?"

Ni wọ́n bá gbé tòmátì sókè, wọ́n fi í há àárín àwa méjèèjì bí ògiri. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣe já sí wa níwájú nìyẹn. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́. Tòmátì tó ti rọ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó dé ìkòkò, ó bẹ́, ohun tútù ń ṣàn lọ sínú ṣòkòtò mi.

Ní Alágbàká, obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì figbe ta: "Ẹ̀jẹ̀ o! Wọ́n ti gún ọlọ́kadà lẹ́yìn!" Kí n tó lanu, àwọn ọmọkùnrin méjì ti gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan ká ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, ó ń fọwọ́ wá ojú ọgbẹ́ kiri títí ó fi rí kóró tòmátì. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó wò mí lójú.

"Bọ̀ọ̀dá, ata rodo ló kù."

Ìyá ti ń ka owó ní tiwọn. Ìdajì ni wọ́n nà sí mi.

"Mà, ìdajì yòókù ńkọ́?"

"Gbà á lọ́wọ́ bátìrì ẹ. Ṣebí àyà mi lo fi ń ṣájì ẹ̀ bọ̀ láti Ọjà Ọba."