Ṣé òótọ́ ni? Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn tí oko kòkó wa jó

Nínú ọyẹ́ oṣù kìíní ni oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Ẹfọ̀n-Aláayè jó. Adó ni mo ń gbé, orí fóònù ni mo ti gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà. Mo ká èso kan tó ṣì so mọ́ igi, ó dúdú bí èédú. Mo là á, hóró inú rẹ̀ ti gbẹ mọ́ra wọn. Owó ilé ìwé ọmọ méjì àti gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo gbé lé àwọn igi yẹn.

Ọdún kẹrin rèé. Mo ń kọ èyí fún onígbàgbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ṣú bí tèmi ṣe ṣú nígbà náà.

Ẹfọ̀n ni ìlú ìyá mi pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, ìtàn ìsọjí 1930, nígbà tí ó ń fi àdúrà wo àwọn aláìsàn sàn, sì ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi mú nínú rẹ̀ ni pé tí àdúrà bá ti gbóná, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ á ti yí padà. Mo gbààwẹ̀, mo ṣe ìṣọ́ òru, mo gun orí òkè àdúrà. Nígbà tí gbèsè kò kúrò níbi tó wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó dí mi lọ́nà.

Ẹnìkan tó ń ríran sọ fún mi pé àgbà obìnrin kan nílé bàbá mi ló wà nídìí ẹ̀. Kò dárúkọ. Èmi ni mo dárúkọ fúnra mi: ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín wa nígbà kan rí, ìyẹn sì ti tó fún mi. Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi kí i. Tí wọ́n bá ní ká gbàdúrà lórí ọ̀tá ilé, ojú rẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, màá sì pariwo “kú!” títí ohùn mi á fi há.

Ibí yìí ló ń dùn mí jù. A máa ń rò pé ẹni tó ń gbàdúrà kò lè máa ba ọkàn ara rẹ̀ jẹ́. Ó lè ṣe é. Orúkọ Jésù ni mo fi ń bọ́ èrò tó ń pa mí.

Ohun tó yí i padà kò ní ariwo nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń ka Fílípì orí 4, ẹsẹ 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ka irú ohun tó yẹ ká máa rò sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tí mi ò ṣàkíyèsí rí ni èyí tó kọ́kọ́ dárúkọ: ohun tó jẹ́ òótọ́. Kò ní kí n máa sọ pé nǹkan dára nígbà tí kò dára. Nínú ìdè ló sì ti kọ lẹ́tà ọ̀hún. Mo wá bi ara mi pé, ohun tí mo gbà gbọ́ nípa Yèyé yìí, ṣé òótọ́ ni? Mo ka ohun tó dá mi lójú. Àwọn ọmọ tó ń fi iná lé òkété ni iná bọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ti jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà. Oko mẹ́rin ló jó. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ọmọ Yèyé ni. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ gbogbo rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Látìgbà náà ni mo ti ń ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 ní àkàtúnkà. Èlíjà ní òun nìkan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ọlọ́run dá a lóhùn pé 7,000 ló ṣì wà tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì. Wòlíì Ọlọ́run ni o, síbẹ̀ ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ tún wo ohun tó ṣáájú: áńgẹ́lì ti jí i lẹ́ẹ̀mejì kó lè jẹun kó sì mumi, ó sì ti sùn láàárín méjèèjì, kí Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ lórí ààwẹ̀ nínú ìdààmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ebi àti àìsùn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀mí ló ń sọ̀rọ̀.

Róòmù 12:2 ní ká paradà, kí ìrò-inú wa di tuntun. Mo ti rò pé ohun ọjọ́ kan ni. Àràárọ̀ ni, lọ́dọ̀ tèmi. Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Èrò tí mo bá jí pẹ̀lú rẹ̀ ni mo ń kọ sókè, màá wá kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ sísàlẹ̀. Ojú ìwé kan rèé: lókè, “Ayé mi ti bàjẹ́.” Nísàlẹ̀, “Oko jó. Gbèsè ṣì ku 120,000 náírà. Àwọn ọmọ ṣì ń lọ sílé ìwé. Ọlọ́run kò fi mí sílẹ̀.” Méjì korò, méjì dùn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ òótọ́. Mo lè fi èyí dìde lórí ibùsùn. Ti òkè yẹn ló ń dá mi dùbúlẹ̀.

Mo lọ bá Yèyé ní ọ̀sán Sátidé kan. Ẹ̀gúsí ló ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan àdúrà tí mo ń gbà. Ó dákẹ́, ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta mẹ́rin sí i. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?” Mi ò tíì jẹun. Ìgbà tí mo jẹun tán ló tó sọ pé ó dun òun, ó sì sọ ọ́ dáadáa.

Ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin ló bá mi tún oko dá. A kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè ṣíji bo kòkó. Nígbà tí òjò ọdún kejì fìdí múlẹ̀, a gbin kòkó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láàárín igi kan sí èkejì. Kòkó kì í kánjú. Ó lé lọ́dún méjì tó jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni mo ń rí tà, òwúrọ̀ tí mo sì ti pa dà sídìí ìwé kékeré yẹn pọ̀ gan-an. Ọdún yìí ni òdòdó kọ́kọ́ yọ lára àwọn igi kan.

Kí ọyẹ́ tó dé, a ro etí oko tèmi àti ti ọmọ Yèyé yíká, a gbá gbogbo ewé gbígbẹ kúrò. Yèyé tẹ̀ lé wa lọ. Ó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì omi lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń nawọ́ sí ibi tí a fò.