Oṣù Kejìlá tó tú Eagles ká

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Philadelphia Eagles lọ bá Dallas Cowboys nílé wọn ní Texas, wọ́n sì lù wọ́n bí ẹni lu bàrà: 33 sí 10. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà là ń sọ o, èyí tí wọ́n ń gbé dání sá, kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá. Nínú eré 12, Eagles ti borí nínú 9. Ó ku mẹ́rin péré kí sáà parí. Kó tó pé oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, wọn ò sí nínú ìdíje mọ́.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìjà Chip Kelly, akọ́nimọ̀ọ́gbá, pẹ̀lú Howie Roseman, mánájà àgbà, ló fà á. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orí pápá ni nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tí ìjà ọ́fíìsì ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n máa wá oògùn orí fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ẹnu ń bú. Nick Foles ṣẹ́ léegun èjìká ní Houston lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá, Mark Sanchez sì bọ́ sí ipò ẹ̀. Eré mẹ́jọ mẹ́jọ ni kálukú wọn bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù 10 ni alátakò já gbà lọ́wọ́ Foles, 11 lọ́wọ́ Sanchez. Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Tí a bá fi èyí tó ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn kún un, ìgbà 36 ni Eagles sọ bọ́ọ̀lù nù ní sáà yẹn, kò sí ikọ̀ kankan ní líìgì tó tó wọn. Àrùn náà ti wà lára tipẹ́. Touchdown 11, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ ìlà òpin alátakò, tí quarterback ò lọ́wọ́ sí ló bò ó mọ́lẹ̀: wọ́n dí bọ́ọ̀lù tí alátakò gbá, wọ́n gbé e sá padà, tàbí wọ́n já a gbà tí wọ́n sì sá wọlé. Owó àjẹmọ́nú nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ di owó oṣù, ọjọ́ tí kò bá dé ló máa mọ ohun tó ṣe ara ẹ̀.

Seattle ló kọ́kọ́ na wọ́n, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá, 24 sí 14. Yáàdì 139 péré ni Eagles rí rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibẹ̀ ni eré kíákíá Kelly ti di ẹrù fún àwọn tirẹ̀. Òfin fún ikọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 40 láti múra láàárín eré kan sí èkejì, ṣùgbọ́n Kelly kì í jẹ́ kó pé. Tó bá ń ṣiṣẹ́, alátakò á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tí kò bá wá ṣiṣẹ́, tí wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ síwájú, tí kò bọ́ sí i, tí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù dànù, bí ìṣẹ́jú kan ló lọ, àwọn tó ń dènà tí wọn ò tíì mu omi tán á tún padà sórí pápá. Ní 2013 àti 2014, kò sí ikọ̀ tí àkókò tí bọ́ọ̀lù fi wà lọ́wọ́ ẹ̀ kéré tó ti Eagles.

Eré ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Dallas ló wá sí Philadelphia, ikọ̀ méjèèjì ti borí ní 9, wọ́n sì ti pàdánù 4. Dallas gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ sókè, ó já sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Eagles. Wọ́n ń wò ó. Lágbájá rò pé tàmẹ̀dù ló máa gbé e. Bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ sì rèé, lábẹ́ òfin ìgbà náà, tó bá ti kọjá yáàdì 10, ẹni tó bá kọ́kọ́ he é ló ni ín. C.J. Spillman ti Dallas sáré wá, ó sùn lé e. Kò pẹ́, touchdown. Ó di 21 sí 0. Eagles tiraka, wọ́n tiẹ̀ ṣíwájú ní 24 sí 21, ṣùgbọ́n 38 sí 27 ni wọ́n fi pàdánù.

Dez Bryant ti Dallas nìkan gba touchdown mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Bradley Fletcher, cornerback Eagles (ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù), ló sì ti ń bọ́. Billy Davis tó ń darí ìdènà kì í jẹ́ kí cornerback tẹ̀ lé ẹnì kan kiri pápá; ti ọ̀tún dúró lọ́tùn-ún, ti òsì lósì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé Tony Romo, quarterback Dallas, lè gbé Bryant síwájú Fletcher nígbàkigbà tó bá wù ú. Ó ti rí ibi tí ògiri ti lanu.

Lọ́jọ́ 20, wọ́n lọ bá Washington, tó ti pàdánù 11 nínú 14. DeSean Jackson, tí Eagles fúnra wọn lé lọ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn láìgba nǹkan kan dípò, gba bọ́ọ̀lù yáàdì 51 àti 55 mọ́ wọn lórí, ọ̀dọ̀ Fletcher náà ni. Cody Parkey, tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí góòlù fún Eagles, ta méjì síta. Sanchez jẹ́ kí wọ́n já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ òun lápá ìparí, Washington sì fi 27 sí 24 borí. Lọ́jọ́ kejì Dallas na ikọ̀ Colts 42 sí 7, ipò kìíní ní ẹ̀ka tí òun àti Eagles jọ wà di tirẹ̀, ó parí.

Eagles borí ní 10, wọ́n dúró sílé. Carolina borí ní 7 péré, ó ta ọ̀mì kan, òun wọ playoff, ìpele ìkẹyìn tí wọ́n ti ń wá aṣíwájú, torí pé òun ló gba ipò kìíní ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí: ká ní Eagles borí Dallas lọ́jọ́ 14 ni, tí ìyókù sì lọ bó ṣe lọ, àwọn méjèèjì ì bá borí ní 11, kí wọ́n pàdánù 5. Ẹni tó na ẹnì kejì ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Eagles ì bá ti na Dallas lẹ́ẹ̀mejì, ipò kìíní ì bá jẹ́ tiwọn, kódà pẹ̀lú ẹ̀gbin Washington.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, Tom Gamble tó ń ṣàyẹ̀wò agbábọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ẹni Kelly, gba ìwé lọ sílé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀, Jeffrey Lurie tó ni ikọ̀ yí àga po: ó fún Roseman ní oyè tó ga ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì gba yíyan agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ fún Kelly. Àdéhùn owó àti ìṣirò owó ikọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ Roseman. Ẹni tó pàdánù mẹ́ta léraléra ló jèrè jù lọ. Wàhálà ètò yìí kò ju pé ẹnì kan ń nàka sí ọjà, ẹlòmíì ń sanwó.

Kelly ra Byron Maxwell láti Seattle láti dí ihò Fletcher: ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 63 dọ́là. Nínú eré àkọ́kọ́ sáà 2015, Julio Jones ti Atlanta rin yáàdì 141 mọ́ Eagles lórí, ó sì gba touchdown méjì. Kelly fi LeSean McCoy, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá fún Eagles, pààrọ̀ Kiko Alonso, tó ń dènà, ó wá fún DeMarco Murray ní mílíọ̀nù 40 fún ọdún márùn-ún. Murray ti sá yáàdì 1,845 fún Dallas ní 2014, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ̀yìn quarterback jìnnà réré ló ti ń gbéra, tó máa ń já lọ tààrà. Ti Kelly, ẹ̀gbẹ́ quarterback ló ń dúró, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ sá sí. Kelly tún ti lé guard méjèèjì, Evan Mathis àti Todd Herremans, tó yẹ kó lànà fún un. Nígbà tí Murray pàdé Dallas, ó gbé bọ́ọ̀lù sá nígbà 13, yáàdì méjì ló rí. Méjì o.

Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í tán lọ́rùn bọ̀rọ̀. Owó ìbuwọ́lùwé ni líìgì máa ń jẹ́ kí wọ́n pín sórí ọdún márùn-ún. Ká ní mílíọ̀nù 10 ni, méjì méjì ni wọ́n ń kà lọ́dún. Tí ẹ bá lé ọmọ náà lẹ́yìn ọdún kan, mẹ́jọ tó kù ṣì máa jókòó sínú òdiwọ̀n owó tí líìgì ní kí ẹ má ná kọjá.

Eré 7 ni Eagles borí ní 2015. Wọ́n lé Kelly lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá nígbà tó ku eré kan, wọ́n sì dá agbára padà fún Roseman. Ní oṣù Kẹta 2016, ó fi Murray ránṣẹ́ sí Tennessee. Ó kó Maxwell àti Alonso lọ sí Miami pẹ̀lú ipò 13 nínú draft, níbi tí àwọn ikọ̀ ti ń tò yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, ó gba ipò 8 níbẹ̀. Láti 8, ó fi kún un, ó gun orí 2.