Àdìrẹ lójú ọ̀run Aberdeen

Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù kẹfà.

Ojú ń ta mí. Aago mẹ́ta òru ni mo wọlé láti etí òkun, aago mẹ́jọ sì ni ìpè màámi jí mi. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni wọ́n bá wá.

Ẹni tó bá ti gbé Aberdeen ní Scotland nígbà sọ́mà á mọ̀ pé òru ibí kì í ṣú dáadáa. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, kì í sì í rìn jìnnà; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kàn rọra gba apá àríwá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ta kọ́tìnnì dúdú sójú fèrèsé torí inú tó ń bí mi sí i. Ní báyìí, èmi náà ni mò ń ṣọ́ ọ kiri.

Àwọsánmà tó ń tàn lóru ni mò ń ṣọ́. Noctilucent cloud ni Òyìnbó ń pè é. Ìparí oṣù karùn-ún títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni àsìkò rẹ̀, kì í sì í yọ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti jáde lọ́dún yìí, òjò ni mo máa ń bá bọ̀.

Lánàá, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, mo ń mu omi ní kíṣìnnì nígbà tí mo rí ìlà funfun kan lókè òrùlé ilé kejì. Mi ò dúró wọ ìbọ̀sẹ̀.

Kí n tó dé etí òkun, ó ti gba gbogbo òkè ẹnu odò Don. Ó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn fọ̀, búlúù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìgbì. Àwọsánmà òjò tó wà níwájú rẹ̀ dúdú bí èéfín. Bí èèyàn ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn: oòrùn ti wọ̀ fún ti òjò, kò tíì wọ̀ fún èyí, torí ó ga tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Ẹ gbé ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta nàró, ẹ ò ní jìnnà sí i. Yìnyín tíntìntín ni, tó lẹ̀ mọ́ eruku òkúta tó ń jóná lójú ọ̀run. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà tí ooru bá mú wa nísàlẹ̀ ni òtútù ibẹ̀ ń le jù, ó máa ń rẹlẹ̀ kọjá 120 sábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Atẹ́gùn ló ń ru sókè lápá òpin àríwá ayé. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù.

Mo gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí n tó wo ohun tí mò ń yà. Yéè! Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ojú kámẹ́rà fi ń là, bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ lóṣù kẹta láti fi ya ìmọ́lẹ̀ àríwá (aurora), iná aláwọ̀ tó máa ń jó lójú ọ̀run. Àwọsánmà yìí sì ń rìn. Gbogbo ìṣẹ́po yẹn ti parapọ̀ di òwú tútù. Mo bú ara mi dáadáa. Mo dín in kù sí àáyá mẹ́rin, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 400, mo sì fi iná ọkọ̀ ojú omi kan tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ní 1887, ọdún méjì lẹ́yìn táwọn èèyàn kọ́kọ́ kíyè sí àwọsánmà yìí, Otto Jesse ará Jámánì ya fọ́tò rẹ̀. Awo dígí ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bó bá bà á jẹ́, ó di ẹ̀yìn tó bá délé kó tó mọ̀.

Fọ́tò méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí màámi kí n tó sùn, ọ̀kan dáa, ọ̀kan bàjẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ aláró tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àrà sí, ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta.

“Àkànní, ta ló ṣe aṣọ yìí?”

“Màámi, ojú ọ̀run ni. Aago kan òru ni mo yà á.”

“Kí lò ń wá níta laago kan òru?”

Mo ń wá àlàyé, wọ́n ti padà sórí fọ́tò. Wọ́n ní ìyẹ́ adìẹ ò lè fa irú ìlà yẹn, ìyarun ni. Wọ́n wá dé orí ìkejì, wọ́n pòṣé.

“Ẹ̀kọ èyí ti ṣàn. Ọmọṣẹ́ ló ṣe é.”