Ilé àlejò ní Ogimachi, lásìkò yìnyín

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì, alẹ́

Kò sí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi. Igi àti pépà ni ilẹ̀kùn ọ̀hún, ńṣe là ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń gbọ́ ìhanrun ẹni tó sùn sí yàrá kejì.

Ogimachi ni mo wà, ní abúlé Shirakawa, ìpínlẹ̀ Gifu, lórílẹ̀-èdè Japan. Minshuku ni wọ́n ń pe irú ilé yìí: ilé onílé ni, wọ́n kàn ya yàrá díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àlejò. Màmá onílé ló ń se oúnjẹ, òun náà ló ń gbé e wá.

Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o! Yìnyín tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ga jù mí lọ. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé kí gbogbo ilé gbóná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù débi pé èémí mi ń rú bí mo ṣe ń lọ wẹ̀. Ibi téèyàn bá jókòó sí nìkan ni wọ́n ń dáná sí. Wọ́n ní tábìlì kúkúrú kan, kotatsu, tí ẹ̀rọ iná wà lábẹ́ rẹ̀, tí kúbùsù nípọnnípọn sì bò ó dé ilẹ̀. Ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀ báyìí, ó di kí wọ́n tó rí ẹ gbé dìde.

Ààrò wà láàárín ilẹ̀ pálọ̀. Èéfín rẹ̀ ń gòkè lọ sínú koríko tí wọ́n fi bo ilé, ó ń gbẹ ẹ́, ó ń lé kòkòrò, ó sì ti sọ igi òkè di dúdú kirikiri. Okùn ni wọ́n fi so àwọn igi òrùlé náà pọ̀, wọn ò kan ìṣó. Bí koríko bá gbó, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á dà. UNESCO ti ka abúlé náà mọ́ ogún àgbáyé láti 1995, àmọ́ èèyàn ṣì ń sùn níbẹ̀, wọ́n ṣì ń sá aṣọ.

Oúnjẹ alẹ́: ẹja odò tí wọ́n fi iyọ̀ yan, ìrẹsì, àti miso, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n gún, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, tó ń hó lórí ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá mọ òórùn irú ò ní fi imú kọ miso. Ata nìkan ni kò sí. Mo yọ ata gígún mi látinú báàgì, mo bù ú díẹ̀ sórí ẹja. Màmá na ìka, ó tọ́ ọ wò, ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, iwájú orí rẹ̀ ń làágùn. Ó wá ti àwo tirẹ̀ sún mọ́ mi pé kí n bu sí i.